Igbá Omi Kan Tí Alága Mọ́nsúrù Mu

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò de ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ fa àga súnmọ́ mi. Ìtàn Alága Mọ́nsúrù ni mo fẹ́ sọ. N kò ní í fi nǹkan kan bò ó, nítorí òun náà kò fi ìgbà kan bo ara rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1982 tí mo ń wí yìí, Àlàájì Mọ́nsúrù ni alága káńsù ní Ìdí-Àyìn, ìlú kékeré kan tó wà láàárín Ìsẹ́yìn àti Òtù. Ìjọba ló yàn án. Kò sí ẹni tó dìbò fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọ̀run ni wọ́n ti dì í. Orúkọ tó kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni "Alága Àlàájì Ọ̀mọ̀wé Mọ́nsúrù O., Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn." Ọ̀mọ̀wé yẹn, ìwé mẹ́fà ló kà. "O" yẹn, Ògúndèjì ni, orúkọ bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ tó fi ọmọ owú tọ́ ọ dàgbà. Ọjọ́ tí Mọ́nsúrù ti Mẹ́kà dé ló ti ká orúkọ bàbá rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní.

Bí Alága bá wúkọ́, Yẹ̀kínì akọ̀wé rẹ̀ á ní ikọ́ náà dùn létí. Bó bá sín, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọn kò sì gbọdọ̀ jókòó títí yóò fi nu imú rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan tí eruku ọyẹ́ pọ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́jọ léraléra. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tí orúnkún ń dùn, ṣubú lulẹ̀ nígbà ìdìde kẹfà. Yẹ̀kínì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìfẹ́ tí ìyá náà ní sí ọ̀gá ló gbé e ṣubú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alága máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kó tó dé mọ́ṣáláṣí, kó lè gba àárín àwọn tó ti jókòó kọjá lọ sí ìlà iwájú, kí agbádá rẹ̀ máa gbá wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tí ì ní láyé, ìyẹn láwàní Bàbá Àdínì. Ọdún mẹ́ta ni oyè náà ti ṣófo. Alàgbà Ràmọ́nì, Lèmọ́mù ìlú, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ló máa ń wé e fún ẹni tó bá tọ́ sí, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé ẹni tó bá gba Ìdí-Àyìn lọ́wọ́ ìyà kan ni yóò jẹ oyè náà. Láti ọjọ́ náà ni Mọ́nsúrù ti ń wá ìyà kiri.

Ìyà kò jìnnà. Sòbìà ni ìyà Ìdí-Àyìn. Ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tó yẹ kí àgbẹ̀ máa kọ ebè iṣu, ìgbà yẹn gan-an ni aràn gígùn funfun yìí máa ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn, tí yóò máa jó wọn bí iná, tí wọn kò ní í lè dìde. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn tó mú kọjá igba. Àdìjátù, àbúrò Àwáwù ìyàwó Alága, fi ìdí wọ́ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé fún oṣù méjì, eéṣú sì jẹ oko ẹ̀wà rẹ̀ run lójú rẹ̀. Adágún kan ṣoṣo tó wà ní ìlú, tí wọ́n ń pè ní Olómitútù, ni gbogbo wọn ń pọn mu.

Gbogbo wọn, àyàfi Alága. Inú gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń fi mọ́tò káńsù gbé omi ẹ̀rọ wá fún un láti Ìsẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Wolé-wolé kan wà ní káńsù tó ń jẹ́ Gbádébọ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì. Òun ló kọ́kọ́ ru ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìpàdé, pẹ̀lú ìdì aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ apá. Ó ṣàlàyé pé inú omi ni sòbìà wà, nínú kòkòrò wínníwínní kan, àti pé tí wọ́n bá fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, kòkòrò náà kò ní í wọ inú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí sòbìà bá ti ń yọ lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ adágún, nítorí ibẹ̀ ni aràn náà ti ń sú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Ó ní àìsàn yìí ń fi ara pamọ́, pé ohun tí ènìyàn bá mu lónìí, bí ọdún kan sí i ni yóò tó yọ.

"Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí," ni ó wí. "Ọ̀gá, asẹ́ yìí ni olúgànbe tiwa."

Inú Mọ́nsúrù bàjẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó yé e jù ni. Bí sòbìà bá tán nípasẹ̀ àkísà kan tí kò tó abala mẹ́ta, ta ni wọn yóò wé láwàní fún? Ṣé wolé-wolé yìí, tó ń fi bàtà fa ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó lè dúró? Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yẹ̀kínì kọ sílẹ̀ láìfo ẹyọ kan.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló dá omi? Ẹni tó dá òkun, tó dá ọ̀sà, tó dá Olómitútù fún àwọn bàbá wa, ṣé Ó gbàgbé láti fọ̀ ọ́ ni? Ẹni tó ń fi aṣọ yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? Ìgbàgbọ́ yín ló kéré ni ẹsẹ̀ yín fi ń wú. Èmi Mọ́nsúrù yóò fi àdúrà wẹ adágún yìí mọ́, asẹ́ kò sì gbọdọ̀ kàn án láéláé."

Yẹ̀kínì ṣe àmín lẹ́ẹ̀meje, ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ lórí fìlà Alága. Bóyá ó rí i lóòótọ́, nítorí ẹ̀yìn Alága ni fèrèsé wà.

Ọ̀nà ilé Lèmọ́mù ni Mọ́nsúrù gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ kí bàbá náà ṣe hàntú, ìyẹn omi tí a fi ń fọ ẹsẹ Kùráánì kúrò lára wàláà, kí wọ́n dà á sínú adágún. Bàbá náà gbọ́ ọ dé òpin kó tó lahùn.

"Mọ́nsúrù, àdúrà ni mo fi dàgbà, n kò sì ní í fi sílẹ̀," ni Lèmọ́mù wí. "Mo ń ṣe hàntú, àwọn ènìyàn sì ń rí ìtura. Ṣùgbọ́n omi tí mo fi ń fọ wàláà, mo máa ń sẹ́ ẹ kí n tó fọ̀ ọ́. Ìwọ náà, tí o bá fẹ́ sùn, o máa ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́, ṣé o kì í ti ilẹ̀kùn?"

Ilẹ̀kùn Mọ́nsúrù ní àgádágodo mẹ́ta, ó ní ajá méjì, ó sì ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Olúkúnlé tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Ó ní bí Bàbá kò bá lè ṣe é, òun yóò ránṣẹ́ pe àwọn alfa láti ibòmíràn.

Lèmọ́mù wò ó tàánútàánú. Ó ní ó dára. Bí ọdún kan bá yí po, tí sòbìà kò bá sí ní Ìdí-Àyìn mọ́, ní etí adágún yẹn gan-an ni òun yóò ti fi ọwọ́ ara òun wé láwàní Bàbá Àdínì fún un. Ó béèrè pé bí sòbìà bá wà ńkọ́. Mọ́nsúrù ní kò ní í sí. Bí wọ́n ṣe ta kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ kó tó di ìgbà tí wọ́n ń kírun alẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Jánúárì, ogójì alfa tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ogójì wàláà. Alága ti ní kí wọ́n ṣe ìborùn funfun ẹgbẹ̀ta fún àwọn obìnrin ìlú, wọ́n tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sí àárín, wọ́n sì kọ "Ìgbàgbọ́ Ló Wò Wá" sí abẹ́ rẹ̀. Aṣọ náà fẹ́lẹ́ débi pé bí obìnrin bá fi borí, à ń rí irun rẹ̀ látinú ihò imú Alága. Wọ́n fọ wàláà, wọ́n da hàntú sínú adágún, Alága sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, títí tí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún sàráà fi sùn lọ.

Nígbà tó parí, Yẹ̀kínì bu omi Olómitútù kún igbá kan, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Èyí kò sí nínú ètò. Yẹ̀kínì fẹ́ tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn ni, kò sì rántí pé ọ̀gá rẹ̀ kì í mu omi náà. Mọ́nsúrù wo inú igbá. Omi náà rí bí omi ìfọwọ́. Nǹkan kékeré kan ń jó nínú rẹ̀, nǹkan mìíràn sì ń lé e kiri. Ó gbójú sókè, ó rí ẹgbẹ̀ta ojú ara rẹ̀ lórí àwọn obìnrin, gbogbo wọn ń wò ó. Kí ni kó ṣe? Ó di ojú, ó gbé e mu tán, ó sì gbé igbá dojú dé kí wọ́n lè rí i pé kò ku nǹkan kan. Ìlú hó yéè.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ti asẹ́ Gbádébọ̀ mọ́ inú àjà káńsù. Wọ́n gbé Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì, níbi tí kò ti sí iṣẹ́ kankan fún un ju kó máa wo àwọn tó ń fọ́ òkúta. Wọ́n sì pàṣẹ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ sòbìà ní Ìdí-Àyìn mọ́; bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá sí ilé ìwòsàn, "ìrora ẹsẹ̀" ni kí wọ́n kọ sí ìwé. Bí ìjọba bá lè fi lẹ́tà wo àìsàn sàn báyìí, a jẹ́ pé iṣẹ́ dókítà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ tí Gbádébọ̀ ń di ẹrù rẹ̀, ó dúró sọ́nà adágún, ó sì sọ fún àwọn obìnrin tó ń pọnmi pé kò di dandan kó jẹ́ aṣọ ìjọba. Aṣọkáṣọ tó bá fẹ́lẹ́, tó mọ́, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, yóò ṣe é. Àwáwù ìyàwó Alága wà láàárín wọn, ó wá gbé oúnjẹ fún Àdìjátù. Ó fi ọwọ́ kan ìborùn tó wà lórí ara rẹ̀, ó sì wo ti àbúrò rẹ̀.

Ọdún náà lọ. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò ju mẹ́sàn-án lọ ní gbogbo ìlú. Àwọn àgbẹ̀ kọ ebè dé ibi tí wọn kò kọ ọ́ dé rí. Mọ́nsúrù gbọ́ ìròyìn náà, orí rẹ̀ wú. Yẹ̀kínì ní kí wọ́n máa ka ọjọ́ ìbí Alága mọ́ àwọn ọjọ́ ọlidé. Àwọn àgbàlagbà lọ bá Lèmọ́mù, wọ́n ní kò sí sòbìà kankan nínú ìwé ilé ìwòsàn, ẹni tó wí ti ṣe é. Lèmọ́mù ní òun kì í yẹ àdéhùn. Kí wọ́n dá ọjọ́. Wọ́n dá Sátidé kejì nínú oṣù Jánúárì.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni ọrùn ẹsẹ̀ òsì Mọ́nsúrù bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ó kọ́kọ́ ní ọṣẹ ni. Ní ọjọ́ kejì ó ní ẹ̀fọn ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tó ń ta á bí iná, ó ní àwọn ọ̀tá ni, wọ́n ti rí i pé oyè fẹ́ dé orí rẹ̀. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Oṣù ni kò kà, nítorí ó mọ ohun tí yóò rí bó bá kà á padà sẹ́yìn dé ọjọ́ igbá omi yẹn. Ìgbà kan ṣoṣo péré ló mu ún láyé rẹ̀.

Àwáwù bá a níbi tó ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wò ó, ó sì ní sòbìà ni.

"Kò lè jẹ́ sòbìà," ni Mọ́nsúrù wí. "Bó bá jẹ́ sòbìà, á jẹ́ pé àdúrà parọ́."

"Àdúrà kò parọ́, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ sọ ohun tí àdúrà kò sọ." Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ránṣẹ́ sí Gbádébọ̀ ní Ìgbẹ́tì, kó sì sọ fún Lèmọ́mù kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Mọ́nsúrù ní kó fa ìbọ̀sẹ̀ òun sókè. Àwáwù fà á sókè, àmọ́ ó ránṣẹ́ sí Ìgbẹ́tì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ náà pé. Àtíbàbà kún etí adágún, Lèmọ́mù sì jókòó pẹ̀lú láwàní funfun ọ̀pá méje tó ká lórí itan rẹ̀. Wọ́n bi Mọ́nsúrù bóyá kí wọ́n wé e kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kàkà kó gbà, kó jẹ oyè kó máa lọ sílé, ó ní òun yóò sọ̀rọ̀ ná. Ẹ ò rí i pé ẹnu ló máa ń pa irú wọn.

"Mo ní kí sòbìà lọ," ni ó ń ké nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "sòbìà sì lọ! Ta ló tún rí i? Ẹni tó bá rí i kó sọ! Ara tèmi yìí ni ẹ̀rí, èmi tí mo mu omi yìí lójú gbogbo yín..."

Ibẹ̀ ni ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ti bẹ́. Iná gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dé itan. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń fò lórí èkejì, Yẹ̀kínì sì sọ fún ìlú pé Alága ń jó ijó ọpẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n oró náà ti kọjá ohun tí ènìyàn ń fara dà. Mọ́nsúrù ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ká agbádá rẹ̀ sókè dé ìbàdí, ó sì forí lé adágún láti lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù.

Àwọn obìnrin ló dí i lọ́nà. Àdìjátù ló wà níwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ràsáàkì," ni ó wí jẹ́jẹ́, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Ẹni tí sòbìà bá ń yọ lẹ́sẹ̀ kì í wọ omi yìí."

Mọ́nsúrù ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ta ló ní sòbìà. Àwáwù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì rọra fa ìbọ̀sẹ̀ náà bọ́. Aràn funfun náà ti yọ orí síta, ó ń gbọ̀n, gbogbo ẹni tó wà níwájú ló rí i.

"Ìrora ẹsẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Yẹ̀kínì wí.

Ẹ̀rín tó bẹ́ ní ìdí àtíbàbà lé àwọn lékeléke fò lórí omi. Ọdún kan gbáko ni ìlú náà ti ń pa ẹ̀rín yìí mọ́ra. Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó sì bi Àdìjátù pé báwo ló ṣe jẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn yòókù fi dá ṣáṣá.

Àdìjátù wo Àwáwù. Àwáwù mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Àdìjátù wá tú ìborùn kan jáde láti etí aṣọ rẹ̀, ó nà án fún ìlú rí. Ojú Alága ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti dí i ní imú, ewé kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ ọn ní iwájú orí.

"Èyí la fi ń sẹ́ omi, Bàbá, láti ọdún tó kọjá," ni ó wí. "A ń wí bisimilahi, a sì ń sẹ́ ẹ."

Àwọn obìnrin yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn jáde. Mọ́nsúrù dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń wo ojú ara rẹ̀ tó dọ̀tí yí adágún ká, ojú sì tì í gan-an. Lèmọ́mù bojú wo láwàní orí itan rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí láti fi fún ẹni tó bá gba ìlú lọ́wọ́ ìyà, òun kò sì lè wé e fún ẹgbẹ̀ta obìnrin. Ó ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí wá. Níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, ni wọ́n ti gé ọ̀pá méje sí wẹ́wẹ́, nítorí kò sí aṣọ tó dára fún asẹ́ tó láwàní, wọ́n sì pín in láti ilé dé ilé.

Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi yan alága mìíràn. Yẹ̀kínì ní ikọ́ ẹni tuntun náà dùn létí. Gbádébọ̀ dé láti Ìgbẹ́tì lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń wá sílé Mọ́nsúrù lójoojúmọ́ láti máa fi igi ìṣáná ká aràn náà, ìwọ̀n ìka kan lóòjọ́, nítorí bí a bá fi ipá fà á, yóò já sínú ni. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kì í lè dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán rí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ń dúró de aràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sí mọ́tò káńsù tó ń gbé omi wá láti Ìsẹ́yìn mọ́, Àwáwù bu omi fún un nínú igbá. Mọ́nsúrù gbà á. Ó gbé e dé ẹnu, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé o ti sẹ́ ẹ?" ni ó béèrè.

Àwáwù nawọ́ sí kọ̀rọ̀. Ìkòkò omi ilé wọn ló jókòó síbẹ̀, ó sanra, ó sì dákẹ́. Ìpín tiwọn nínú láwàní Bàbá Àdínì ni wọ́n wé yí orí rẹ̀ ká, ó sì yẹ ẹ́ gan-an. Mọ́nsúrù wò ó títí, ó wí bisimilahi, ó sì mu omi rẹ̀.